Má tíì ta ilẹ̀ yẹn: ìdáhùn mi sí nọ́ọ̀sì tó fẹ́ lọ ṣe visiting scholar

Nọ́ọ̀sì kan láti Ìsẹ́yìn ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n má dárúkọ òun. Mo gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrú díẹ̀, ohun tó sọ rèé:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ilé ìwòsàn alábọ́dé ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti pé ọdún méje báyìí, mo ka MPH, ìyẹn másítà nínú ìlera àwùjọ, mọ́ ọn, mo parí ẹ̀ ní 2023. Ẹnì kan fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ń wá visiting scholar, ìyẹn onímọ̀ àlejò tó máa bá wọn ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, nínú ìmọ̀ ìlera àwùjọ, oṣù mẹ́fà, àmọ́ màá kọ́kọ́ san dọ́là 3,500 fún ètò ìwé. Ọkọ mi ní ká ta ilẹ̀ wa kan. Ọmọ méjì ni mo ní, èyí àbúrò ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ṣé kí n lọ, àbí kí n wá skọ́láṣíìpù gidi? Ká sòótọ́, iṣẹ́ ibí ti sú mi díẹ̀, àwọn ìyá á gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, tó bá fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta a ò ní rí wọn mọ́, a ó kàn máa kọ nọ́ńbà ránṣẹ́ sókè ṣáá.”

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Má tíì ta ilẹ̀ yẹn o. Jẹ́ ká yanjú ti lẹ́tà yẹn ná, torí òun kọ́ gan-an ni mo fẹ́ bá ẹ sọ, gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ ẹ ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí.

Ẹni tó bá ń lọ Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bíi visiting scholar, físà J-1, èyí tó wà fún pàṣípààrọ̀, ló sábà máa ń bá lọ, ìwé tó sì máa gbé lọ sí ẹ́ḿbásì ni wọ́n ń pè ní DS-2019. Yunifásítì tàbí àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ló ń ṣe ìwé yẹn jáde, kì í ṣe àgẹ́ǹtì, kì í ṣe ẹni orí WhatsApp. Oríṣi J-1 tó ń jẹ́ short-term scholar ò lè ju oṣù mẹ́fà lọ, èyí tó ń jẹ́ research scholar lè tó ọdún márùn-ún. Lára DS-2019 yẹn wọ́n á kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, ẹni tó ń sanwó àti iye tó fẹ́ san. Owó SEVIS, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn àlejò bẹ́ẹ̀, wà tí ìwọ fúnra ẹ máa san fún ìjọba wọn, dọ́là 220 ni fún ọ̀pọ̀ àwọn J-1, owó físà sì wà lọ́tọ̀. Mi ò ní sọ fún ẹ pé gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ní kí o mówó wá ni wọ́n ti fẹ́ lù ẹ́ ní jìbìtì, àwọn yunifásítì gidi kan wà tó ń gbowó lọ́wọ́ visiting scholar, wọ́n á ní ti tábìlì ni, ti láíbúrárì ni, ti ìwé ṣíṣe ni. Àmọ́ ní ibi gidi, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti wà níbẹ̀ tó mọ̀ ẹ́, tó ti ka nǹkan tí o kọ, tí ẹ ti jọ sọ̀rọ̀ lórí fídíò, tó mọ iṣẹ́ tí o ń bọ̀ wá ṣe. Ta ni ọ̀jọ̀gbọ́n tìẹ nínú lẹ́tà yẹn? Mo ka àwòrán tí o fi ránṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi orúkọ ẹni tí o máa sanwó fún. Torí náà rárá, má san kọ́bọ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àgẹ́ǹtì ò ní bá ẹ sọ. Pé o jẹ́ visiting scholar ò ní kí o tọ́jú aláìsàn, láìsí láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì ti ìpínlẹ̀ tí o bá wà lọ́hùn-ún, o ò lè wọ wọ́ọ̀dù lọ fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ pé èrò tó wà lọ́kàn ẹ̀yin méjèèjì ni pé tí o bá ti débẹ̀ wàá yí i sí iṣẹ́ ọsibítù, ẹ gbé èrò yẹn kúrò ńlẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tó kàn gan-an. Wọ́n ń pe àwọn ètò yìí ní pàṣípààrọ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí ẹlòmíì bá ní ká ṣe pàṣípààrọ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ tìrẹ lo máa kọ́kọ́ wò, àbí? Tí o ò bá ní nǹkan lọ́wọ́, kì í ṣe pàṣípààrọ̀ nìyẹn mọ́, ẹ̀bẹ̀ ni. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìyí, a máa ń lọ bíi ẹni tó ń lọ gbàtọ́rẹ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó gbé ètò náà kalẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ wa tí àwọn ò ní.

Wo Ìbàdàn. Láti ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ti Yunifásítì Indiana ti pawọ́ pọ̀ ṣe ìwádìí kan lórí àrùn ìgbàgbé tó ń mú àwọn àgbàlagbà, èyí tí òyìnbó ń pè ní dementia. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi wà nídìí ẹ̀ ní Ìbàdàn, Hugh Hendrie wà nídìí ẹ̀ ní Indianapolis, NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ló ń gbówó sílẹ̀. Ní Ìbàdàn, àdúgbò Ìdíkàn ni wọ́n ti ń wọ ilé àwọn bàbá àti ìyá tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní Indianapolis àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n ń wádìí lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2001, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, àrùn náà ń mú bíi 1.35 lọ́dún ní Ìbàdàn, ó ń mú 3.24 ní Indianapolis. Ó ju ìlọ́po méjì lọ! Gẹ́ẹ̀nì kan sì wà, APOE e4, tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó máa ń mú kí ewu Alzheimer, oríṣi dementia tó wọ́pọ̀ jù, pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, wọ́n dé ọ̀dọ̀ Yorùbá, kò lágbára bẹ́ẹ̀. Gbogbo èyí, tó bá jẹ́ Indianapolis nìkan ni wọ́n jókòó sí, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n?

Ohun tó sì wù mí jù níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá Ìdíkàn ò lọ sílé ìwé, o ò lè gbé pẹ́ńsù lé ìyá ẹni ọdún 78 lọ́wọ́ kí o ní kó ya aago, kó o wá ní orí ẹ̀ ti ń dàrú torí pé kò lè yà á. Ìbéèrè tí wọ́n lò, àwọn ará Cree ní Kánádà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó fún, wọ́n tún un ṣe, wọ́n gbé e sí Yorùbá, ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ló ń bi wọ́n, wọ́n sì tún máa ń bi ọmọ tàbí ìyàwó ilé pé báwo ni màmá ṣe ń ṣe láàárín ilé, ṣé ó ṣì ń mọ ọ̀nà ọjà, ṣé ó ṣì ń rántí orúkọ àwọn ọmọ ọmọ. Ọwọ́ àwọn tiwa ni ìmọ̀ yẹn wà. Ohun tí Ìbàdàn gbé sílẹ̀ fún pàṣípààrọ̀ nìyẹn.

Èmi náà jẹ nínú ẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ṣá. Mo wà ní yunifásítì kan lókè òkun fún oṣù mẹ́sàn-án, iṣẹ́ wọn dá lórí ibà àwọn ọmọdé, wọ́n ti ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ti ń lò káàkiri, ìbéèrè kan wà níbẹ̀ pé ṣé ọmọ yín ti ní ibà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Kí n tó lọ, èmi alára ti mú irú fọ́ọ̀mù yẹn wọ abúlé kan lọ́nà Ìbàràpá. Ìyá kan jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀, mo bi í, ó ní rárá o, ọmọ òun ò ní ibà. Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo ní kó jẹ́ kí n bá a gbé e, mo fọwọ́ kan ọrùn ọmọ, ó gbóná janjan! Mo ní màmá, ara ọmọ yìí gbóná kẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Eyín ló ń yọ. Ara ẹ̀ kàn gbóná ni, kì í ṣe ibà.” Ó sì tẹ̀ síwájú, ó ń ṣa ẹ̀wà ẹ̀. Irọ́ kọ́ ló pa. Ibà lọ́dọ̀ tiẹ̀ ni èyí tó máa ń jẹ́ kí ojú pọ́n, kí ẹnu korò, tí wọ́n ń se àgbo fún, èyí tí eyín fà ò sí lára ẹ̀. Èmi tí mo kọ “kò sí ibà” sínú fọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ parọ́.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí nínú ìpàdé wọn lọ́hùn-ún, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni iṣẹ́ náà gbé ife ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi tún fọ́ọ̀mù yẹn ṣe, a béèrè ara gbígbóná lọ́tọ̀, a béèrè ibà lọ́tọ̀. Àwọn ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń ṣírò iye ènìyàn tó yẹ kí wọ́n wádìí lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn ló kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà tí mo fi ń jẹun dòní, mo dúpẹ́. Àmọ́ ojú tí wọ́n fi ń wò mí yàtọ̀ láti ọjọ́ tí mo sọ ti ìyá ẹlẹ́wà yẹn.

Ìwọ náà ní tìẹ. O fi pamọ́ sí ìparí lẹ́tà ẹ bíi pé kò jẹ́ nǹkan: wọ́n ń wá gba àkọ́kọ́, wọn ò wá gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Àbúrò mi, gbogbo ayé ló ń wá ìdáhùn sí ìyẹn! Penta, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà àrùn márùn-ún, tí à ń fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá, iye àwọn tó gba àkọ́kọ́ tí wọn ò gba ẹ̀kẹta ni wọ́n fi ń wọn bí ètò àjẹsára ibì kan ṣe múná tó. Ìwọ sì ni rẹ́jísítà ẹ̀ wà lórí tábìlì ẹ, tí o mọ èyí tí ọkọ ẹ̀ ò fẹ́, tí o mọ èyí tó ti kó lọ sóko nítorí àgbàdo. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà ní Atlanta tàbí Liverpool ò lè mọ̀ ọ́n láé àyàfi tí ẹnì kan bíi tìẹ bá sọ fún un.

Nísinsìnyí tí a ti mọ ohun tí o máa gbé lọ, jẹ́ ká wo ibi tí o lè gbé e lọ, ọ̀nà kan ò kúkú wọ ọjà.

Nílé ní kí o ti bẹ̀rẹ̀. Bá DSNO, òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, sọ̀rọ̀ nípa FELTP, ètò tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní bí wọ́n ṣe ń tọpasẹ̀ àrùn, 2008 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, inú EIS, irú ètò kan náà tí CDC ti ń ṣe láti 1951 ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe ẹ̀, nítorí náà pàṣípààrọ̀ lòun náà, àwọn ló gbé e wá bá wa. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Frontline, oṣù mẹ́ta, ẹnu iṣẹ́ ẹ ni wàá ti máa ṣe é. Má fojú kéré ẹ̀ o. Nígbà tí Ebola wọ Èkó lóṣù keje 2014, 20 èèyàn ló mú, 8 kú, nígbà tó fi máa di 20 October WHO ti kéde pé ó ti tán ní Nàìjíríà, àwọn tí FELTP kọ́ wà lára àwọn tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn.

Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló ṣì wù ẹ́, èyí tó bá ẹ mu jù lójú tèmi ni Hubert Humphrey Fellowship, láti 1978 ló ti wà, ìjọba Amẹ́ríkà ló ń sanwó ẹ̀, oṣù mẹ́wàá, wọn ò ní fún ẹ ní dìgírì, àmọ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún ni wọ́n ń wá, o sì ti ṣe méje. Fulbright, ètò pàṣípààrọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà mìíràn, wà, 1946 lòun, èyí tó jẹ́ ti àwọn olùwádìí máa ń bá àwọn tó ń kọ́ni ní yunifásítì mu ju ìwọ lọ. Owó Fogarty náà wà lábẹ́ NIH, láti 1968, àmọ́ òun kì í sábà wá bá èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, àárín yunifásítì tiwọn àti tiwa ló sábà ń gbà, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbàdàn tàbí Èkó ni o ti máa gbọ́ ọ. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ ṣá pé láti 2025 nǹkan ti le ní apá ibẹ̀. Lóṣù May ọdún yẹn NIH kéde pé àwọn dá ọ̀nà tí yunifásítì tiwọn ń gbà pín owó fún àwọn alájọṣe òkè òkun dúró títí àwọn á fi tún un tò, òfin físà náà sì ń le sí i fún wa. Wo ojú ìkànnì ẹ́ḿbásì fúnra ẹ kí o tó ṣe ohunkóhun, má gba ti ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ìlú Ọba wá ńkọ́? Chevening, skọ́láṣíìpù ìjọba wọn, ń san gbogbo owó másítà ọdún kan, iṣẹ́ ọdún méjì ni wọ́n fẹ́ kí o ti ṣe, tí o bá parí o gbọ́dọ̀ padà wá sílé fún ọdún méjì ó kéré tán. Skọ́láṣíìpù ti Commonwealth ti wà láti ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Oxford ní 1959, méjì nínú ẹ̀ ni mo fẹ́ kí o wò, ọ̀kan ni èyí tí èèyàn ń kà láti ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìkúrò lẹ́nu iṣẹ́, èkejì ni split-site, ìyẹn fún ẹni tó bá ti ń ṣe PhD nílé níbí, wọ́n á mú un lọ síbẹ̀ fún oṣù tí kò ju méjìlá lọ. O ti ní MPH ná, nítorí náà split-site yẹn ló yẹ kí o fi ojú sí lọ́jọ́ iwájú. Jámánì ní DAAD, àjọ pàṣípààrọ̀ ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n ti wà láti 1925, wọ́n máa ń gbé àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lọ sí Heidelberg fún ìmọ̀ ìlera àgbáyé. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ òyìnbó nìkan, CARTA, ètò tó ń kọ́ àwọn olùwádìí ìlera ní Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008, tí àjọ ìwádìí APHRC ní Nairobi àti Yunifásítì Witwatersrand jọ ń darí, ń kó àwọn tó ń ṣe PhD láti Ìbàdàn, Ifẹ̀, Makerere àtàwọn mìíràn jọ, àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì ni wọ́n ń mú o, àmọ́ ta ló sọ pé o ò ní di lẹ́kíṣọ́rà?

Àwọn ètò tí mo dárúkọ wọ̀nyí, kò sí èyí tó ń ní kí o san dọ́là 3,500 fún àgẹ́ǹtì kó tó mú ẹ.

Ti àwọn ọmọ. Tí ìjọba Amẹ́ríkà bá fi owó ẹ̀ gbé ẹ lọ lórí J-1, bíi Humphrey, wàá padà wálé wá lo ọdún méjì kí wọ́n tó lè fún ẹ ní físà iṣẹ́ H-1B tàbí green card, ẹ jọ jókòó sọ ọ́, ìwọ àti ọkọ ẹ, kó má di ìjà lẹ́yìn ọ̀la. Ní Ìlú Ọba, láti January 2024, ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ ka másítà ò lè mú ọmọ dání mọ́, àwọn tí owó ìjọba gbé lọ yàtọ̀ díẹ̀, síbẹ̀ Chevening ò ní san owó ọmọ fún ẹ. Mo fi ọmọ ọdún mẹ́rin sílẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló wà. Nígbà tí mo dé, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ìró ìyá mi, ó ń wò mí láti ibẹ̀. Mi ò sọ pé kí o má lọ. Mo ń sọ ọ́ kí o lè mọ̀ ọ́n kí o tó lọ ni.

Ti ibi iṣẹ́ ẹ náà, kọ̀wé sí Primary Health Care Board kí o tó lọ, gba ìwé study leave lọ́wọ́ wọn, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́. Àwọn kan ti ìrìn àjò dé tí wọ́n bá ẹlòmíì lórí àga wọn, tí orúkọ wọn ti kúrò nínú ìwé owó oṣù, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣe wọ́n níkà, wọn ò gba ìwé ni.

Ẹyọ kan tó kù, ó dùn mí láti sọ ọ́. Lẹ́yìn tí mo dé, mo bá àwọn kan ṣiṣẹ́, mi ò ní sọ ibi tí wọ́n wà. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń wọ abúlé, èmi ni mo kó gbogbo dátà yẹn jọ, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Lọ́jọ́ kan mo rí àpilẹ̀kọ ẹ̀ nínú jọ́nà, mo wá orúkọ mi láàárín àwọn òǹkọ̀wé, kò sí. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí i, níbi tí wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ àti èmi. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì tíì gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ mo ti wá mọ òfin ẹ̀ báyìí: ìlànà ICMJE, ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, tí ọ̀pọ̀ jọ́nà ìṣègùn ń tẹ̀ lé sọ pé ẹni tó kàn kó dátà jọ nìkan kì í ṣe òǹkọ̀wé, ó gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ nínú kíkọ ẹ̀, kó fọwọ́ sí èyí tó máa jáde, kó sì lè jẹ́jọ́ ẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nínú ímeèlì, béèrè apá ibi tí ìwọ máa kọ àti ibi tí orúkọ ẹ máa wà. Kí wọ́n dáhùn ẹ nínú ìwé. Má sì fi orúkọ ọmọ kankan tàbí nọ́ńbà fóònù ìyá kankan ránṣẹ́ sókè òkun, òfin ààbò dátà ti 2023 wà ní Nàìjíríà, tó bá ti di ìwádìí, ìgbìmọ̀ ethics ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn tó ń rí i pé ìwádìí ò pa ẹnikẹ́ni lára, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí o tó fọwọ́ kan rẹ́jísítà.

Ní báyìí ná, kíkà lásán lo fẹ́ ṣe fún iṣẹ́ tìẹ, ìyẹn ò sì kọjá agbára ẹ, sọ fún ọ̀gá ẹ kó mọ̀ sí i. Mú rẹ́jísítà January sí June ọdún tó kọjá. Ka gbogbo ọmọ tó gba Penta àkọ́kọ́ nínú oṣù mẹ́fà yẹn, lẹ́yìn náà tọpa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò bóyá ó gba ẹ̀kẹta kó tó pé ọdún kan. Àwọn tí kò gbà á, kọ àdúgbò tàbí abúlé tí wọ́n ti wá sí ẹ̀gbẹ́, má kọ orúkọ, kí o sì kọ oṣù tí wọ́n dáwọ́ dúró, torí mo ń fura sí àsìkò iṣẹ́ oko. Bó bá jẹ́ àwọn abúlé méjì tàbí mẹ́ta ni gbogbo wọn ti wá, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni, bó bá sì jẹ́ inú ìgboro Ìsẹ́yìn gan-an ni, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, a máa lọ bá àwọn ìyá yẹn nílé. Kọ ọ́ sí ojú ewé kan péré, kí o fi ránṣẹ́ sí mi, màá kà á, màá sì sọ ọ̀jọ̀gbọ́n tó yẹ kí o kọ́kọ́ kọ̀wé sí fún ẹ.